Ọmọ Ta Ni Pamela?

Ní ọdún 1740, Samuel Richardson, atẹ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé ìwé ìtàn àròsọ kan jáde nípa ọmọ-ọ̀dọ̀ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan tó ń jẹ́ Pamela. Ìyá àgbà tí ọmọ náà ń sìn kú. Ọmọkùnrin ìyá náà, tí òǹkọ̀wé kò fún lórúkọ ju Ọ̀gbẹ́ni B lọ, jogún ilé àti dúkìá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé ọmọbìnrin náà kiri bí ẹni pé ara ogún ni òun náà. Ó fi owó tàn án, ó jí i gbé, ó tì í mọ́lé. Pamela kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá kò rí ọ̀nà mìíràn gbà mọ́, ó gbé e níyàwó. Ìwé náà ràn káàkiri Yúróòpù bí iná inú ọyẹ́, kò sì pẹ́ tí àwọn eléré fi gbé e gorí ìtàgé: Lọ́ńdọ̀nù ní 1741, Párís ní 1743, Venice ní 1750. Orí ìtàgé yìí ni ìbéèrè kan ti yọjú tí ìwé Richardson kò ní ìṣòro pẹ̀lú rẹ̀ rárá: ọmọ ta ni Pamela? Nínú ìwé náà, ọmọ tálákà ni, ọmọ tálákà ló sì jẹ́ títí dé ojú ìwé tó kẹ́yìn. Nínú eré apanilẹ́rìn-ín tí Carlo Goldoni kọ fún àwọn ará Venice, baba rẹ̀, tí gbogbo wa ti rò pé àgbẹ̀ lásán ni, yọ ara rẹ̀ hàn kí eré tó parí pé ìjòyè ilẹ̀ Scotland ni òun. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ló ti bú Goldoni nítorí èyí. Wọ́n ní ojo ni, wọ́n ní ó ta ìfẹ́ òtítọ́ nítorí pé ó fẹ́ kí inú àwọn ọlọ́lá dùn. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọmọ-ọ̀dọ̀ fi ń di ọmọ ọlọ́lá lójijì nínú àwọn eré wọ̀nyí kò ní rí i nínú ọkàn òǹkọ̀wé. Inú òfin ogún ìlú tí wọ́n ti ṣe eré náà ni ó wà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti rọrùn jù. Níbẹ̀, ọ̀dọ̀ baba ni oyè àti ilẹ̀ ti ń wá. Obìnrin tó bá wọ ilé ọkọ wọ inú ipò ọkọ. Ọmọ tí wọ́n bá bí nínú ìgbéyàwó tó tọ́ ni àrólé, ì báà jẹ́ pé yàrá ìdáná ni wọ́n ti rí ìyá rẹ̀. Richardson mọ èyí dáadáa, ó sì fi í sẹ́nu Ọ̀gbẹ́ni B nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń bínú sí ìgbéyàwó náà: ọkùnrin a máa gbé ìyàwó rẹ̀ ga, ṣùgbọ́n obìnrin ọlọ́lá tó bá fẹ́ ẹmẹ̀wà ilé wọn ti sọ̀ kalẹ̀ sí ipò ẹmẹ̀wà. Àlàyé tí kò dára fún obìnrin ni, ṣùgbọ́n àlàyé òfin ni. Nígbà tí Henry Giffard wá sọ ìtàn náà di eré ní ilé eré Goodman's Fields ní oṣù Kọkànlá ọdún 1741, tí ọ̀dọ́mọkùnrin David Garrick, tí kò tíì pé oṣù kan tí ó gba orúkọ ní Lọ́ńdọ̀nù, sì kópa nínú rẹ̀, kò sí ẹni tó ní láti wá baba mìíràn fún Pamela. Àwọn èèyàn bínú o. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Henry Fielding ló ṣe yẹ̀yẹ́ tó gbóná jù, nínú ìwé Shamela tó kọ ní 1741, níbi tí ọmọ-ọ̀dọ̀ náà ti di alárékérekè tó ń dọdẹ olówó. Ẹ̀rín ni pé ní ọdún 1747 Fielding kan náà gbé Mary Daniel níyàwó, ọmọ-ọ̀dọ̀ tó ti sin ìyàwó rẹ̀ olóògbé. Àwọn èèyàn tún rí ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n kò sí ilé ẹjọ́ kan tó bi í léèrè baba Mary. Kódà òfin ìgbéyàwó tí ìjọba ṣe ní 1753, tó ní kí òbí fọwọ́ sí i kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mọ́kànlélógún tó lè ṣègbéyàwó, ọwọ́ òbí ló fi agbára sí. Kò sọ ọmọ tálákà di ẹni tí kò lè bí àrólé.

Venice kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ìlú náà kò ní ọba tí ń fi oyè lé ọmọ lọ́wọ́. Doge tí wọ́n ń yàn ló ń jókòó lórí ìtẹ́, àwọn ìdílé mélòó kan péré ló sì ní ẹ̀tọ́ láti yàn án. Láti ọdún 1297 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn Ìgbìmọ̀ Àgbà mọ́ ẹni tí kì í ṣe ti àwọn ìdílé wọ̀nyẹn. Ọmọkùnrin tó bá jáde láti inú wọn, tó sì dàgbà, á wọ Ìgbìmọ̀. Láti inú Ìgbìmọ̀ ni wọ́n sì ti ń yan adájọ́, ọ̀gá ọkọ̀ ogun, alákòóso àwọn ìlú abẹ́ wọn, àti ikọ̀ tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ọba. Ohun tí wọ́n ń pè ní ọlá níbòmíràn, ìjọba fúnra rẹ̀ ni ní Venice. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìyá ọmọ kì í ṣe òfófó àdúgbò, ọ̀rọ̀ ìlú ni. Ní 1422 wọ́n ṣòfin pé ọmọ tí ọlọ́lá bá bí fún ẹrú tàbí fún obìnrin tí wọ́n kà sí ẹni ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ Ìgbìmọ̀. Ní 1506 wọ́n pàṣẹ pé kí a máa kọ ìbí àwọn ọmọkùnrin ọlọ́lá sílẹ̀, ní 1526 wọ́n fi ìgbéyàwó kún un. Àwọn olùṣọ́ òfin tí wọ́n ń pè ní Avogadori ló ń pa àkọsílẹ̀ náà mọ́, òun sì ni ayé mọ̀ sí Ìwé Wúrà. Nígbà tó fi di òpin ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ọlọ́lá tó bá fẹ́ gbé ọmọ ẹni tí kò sí nínú ìwé náà níyàwó ní láti gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ síwájú wọn. Wọ́n á pe ẹlẹ́rìí. Wọ́n á wádìí bóyá baba ọmọbìnrin náà, tàbí baba baba rẹ̀, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ jẹun rí. Àwa tí a mọ iṣẹ́ alárinà kò ní yà wá lẹ́nu pé wọ́n ń wádìí ìdílé. Ohun tó ṣàjèjì ni pé ìjọba ló ń ṣe é, àti pé kì í ṣe àrùn tàbí olè ni wọ́n ń wá bí kò ṣe àtẹ́lẹwọ́ tí iṣẹ́ ti sọ di líle. Ẹni tó bá sì ṣe orí kunkun lè lọ bá àlùfáà. Ṣọ́ọ̀ṣì á so wọ́n pọ̀, ìgbéyàwó á fìdí múlẹ̀ níwájú Ọlọ́run, ọmọ wọn kò ní jẹ́ ọmọ àlè. Orúkọ ọmọ náà kàn kò ní wọ Ìwé Wúrà ni, ìran náà á sì kúrò nínú ìjọba látọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ.

Ọmọ Venice ni Goldoni, wọ́n bí i síbẹ̀ ní 1707. Kí ó tó di òǹkọ̀wé eré tí gbogbo Ítálì mọ̀, agbẹjọ́rò ni. Ní 1732 ni wọ́n gbà á wọlé sí ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò ìlú náà. Àwọn tó ń pè é ní ojo máa ń gbàgbé èyí. Ní ọdún 1750 ó ti ṣe ìlérí eré mẹ́rìndínlógún fún ilé eré Sant'Angelo, níbi tí ẹgbẹ́ Girolamo Medebach ti ń ṣeré, Pamela sì wà lára wọn. Nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, tó fi èdè Faransé kọ tó sì jáde ní 1787, ó ṣàlàyé ìṣòro tó bá pàdé láìfi bò: ní Lọ́ńdọ̀nù ọlọ́lá lè fẹ́ ọmọ àgbẹ̀ kó má sì pàdánù ohun kan, ní Venice àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò san gbèsè náà. Ẹ wá wo ohun tó ṣe. Ọ̀gbẹ́ni B ti Richardson lówó, ó nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lóyè kankan. Goldoni sọ ọ́ di Milord Bonfil. Ó gbé ọkùnrin náà ga kí ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti ọmọ-ọ̀dọ̀ lè jọ èyí tí àwọn òǹwòran rẹ̀ mọ̀. Ó fi ọ̀rẹ́ kan tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, Milord Artur, ọlọ́gbọ́n ènìyàn tó ń rán an létí ohun tí irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ yóò ṣe fún ìdílé rẹ̀. Ó fi ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Miledi Daure, sí i, tí ìbínú rẹ̀ kò ní ọgbọ́n nínú. Lójú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rù tó ń ba Bonfil kò nídìí, nítorí pé ọmọ tí Pamela bá bí fún un yóò jogún oyè rẹ̀ láìsí wàhálà. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sọ pé eré náà ti ṣẹlẹ̀, aṣọ Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n wọ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò tó ń lọ lórí Bonfil, ìṣirò Avogadori ni. Nígbà náà ni Andreuve, baba Pamela, wá sọ pé òun ni Kántì Auspingh, pé òun bá wọn dìtẹ̀ ní Scotland láyé ọjọ́un, pé ìyẹn ló mú kí òun sá pamọ́ sínú iṣẹ́ oko. Ìdáríjì ọba sì wà nílẹ̀. Mo fẹ́ràn bí agbẹjọ́rò inú Goldoni ṣe ṣe eléyìí: ó fi ọwọ́ rẹ̀ roko lóòótọ́, ọwọ́ náà le, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìjòyè tó ń sá pamọ́ ni. Kò sí ìbéèrè kan tí Avogadori lè bi í tí kò ti dáhùn sílẹ̀.

Àtakò kan wà tó lágbára. Ẹnìkan lè ní Venice fúnra rẹ̀ kò bọ̀wọ̀ fún òfin yìí tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé nígbà ogun ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí wọ́n bá àwọn Tọ́kì jà nítorí erékùṣù Crete ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ìdílé tó bá lè kó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún dúkàtì wá fún ìjọba ni wọ́n kọ sínú Ìwé Wúrà. Àwọn oníṣòwò tí baba wọn jókòó sí ìsọ̀ wọlé bẹ́ẹ̀. Bí ìwé náà bá ṣeé rà, báwo ni yóò ṣe di ọwọ́ òǹkọ̀wé eré? Ìdáhùn mi ni pé títà náà ló jẹ́ ká mọ bó ṣe le tó. Ohun tí kò níye lórí, ẹnikẹ́ni kì í san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún lé e lórí. Ìjọba ṣí ilẹ̀kùn nígbà tí àpótí owó ogun gbẹ, ó sì gba owó rẹ̀. Ìfẹ́ kò mú nǹkan kan wá sínú àpótí náà. Bí ọlọ́lá bá fẹ́ Pamela tí kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni, ẹnìkan dín kù nínú Ìgbìmọ̀ ní ìran tó ń bọ̀, ìlú kò sì rí owó kankan gbà dípò rẹ̀. Àwọn òǹwòran tó jókòó sí yàrá àwọn olówó nínú ilé eré mọ ìṣirò yìí ju orí ara wọn lọ.

Àtakò kejì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ eré àtijọ́. Wọ́n ní Goldoni kò ronú òfin kankan. Irin iṣẹ́ àtayébáyé ló kàn mú. Òótọ́ ni pé eré Róòmù kún fún ọmọbìnrin tí wọ́n rò pé àjèjì tàbí ẹrú ni, tó wá di ọmọ onílé. Nínú Andria tí Terence gbé jáde ní ọdún 166 ṣáájú ìbí Kristi, Glycerium tí Pamphilus fẹ́ràn di ọmọ ará Athens kan, Chremes, inú gbogbo ayé sì dùn. Ṣùgbọ́n ibo ni Terence ti rí i? Lọ́dọ̀ Menander ará Athens ni. Athens sì ni ìlú tí Pericles ti jẹ́ kí wọ́n ṣòfin, ní ọdún 451 ṣáájú ìbí Kristi, pé ẹni tí baba àti ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìlú nìkan ló lè jẹ́ ọmọ ìlú. Èmi kò rí àtakò nínú èyí. Ìyá tí kì í ṣe ọmọ Athens ń lé ọmọ kúrò ní àwùjọ ìlú, gẹ́gẹ́ bí ìyá tí kò sí ní Ìwé Wúrà ṣe ń lé ọmọ kúrò ní Ìgbìmọ̀, àwọn eléré ìlú méjèèjì sì wá baba fún ọmọbìnrin náà. Mo gbà pé àwọn ará Róòmù gbádùn eré Terence láìka òfin Athens sí. Irin iṣẹ́ a máa pẹ́ ju ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rọ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n pípẹ́ irin iṣẹ́ kò sọ ìdí tí ẹnìkan fi mú un ní ọjọ́ kan pàtó, pàápàá ọkùnrin tó ń gbìyànjú nínú eré kan náà láti ju àwọn àṣà àtijọ́ nù. Kò sí eléré kan tó fi ìbòjú wọlé nínú Pamela, nígbà tó jẹ́ pé ìbòjú ni àwọn ará Venice ń retí.

Ohun tó tún tì mí lẹ́yìn ni Nanine, eré tí Voltaire gbé sórí ìtàgé Comédie-Française ní Párís ní oṣù Kẹfà ọdún 1749, ọdún kan ṣáájú ti Goldoni. Ìtàn Pamela náà ni, pẹ̀lú aṣọ Faransé. Kántì d'Olban fẹ́ràn Nanine, ọmọ tí wọ́n tọ́ nínú ilé. Obìnrin ọlọ́lá kan tó fẹ́ Kántì náà fún ara rẹ̀ ń da wàhálà sílẹ̀. Baba ọmọbìnrin náà, Philippe Hombert, ọmọ ogun arúgbó tí kò ní nǹkan, wá yọjú. Gbogbo ẹni tó ti ka eré rí ń retí pé kí ó sọ pé ìjòyè ni òun. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Tálákà ni, ó sì jẹ́ tálákà títí tí wọ́n fi ṣègbéyàwó. Àwọn kan fi èyí yin ìgboyà Voltaire, wọ́n sì fi bu Goldoni. Ó dára, Voltaire kò ṣaláìní ìgboyà. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Faransé nígbà náà, láti ọ̀dọ̀ baba ni ọmọ ti ń jogún ọlá, gẹ́gẹ́ bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí Nanine bá bí yóò jẹ́ ọlọ́lá bíi d'Olban. Ìtìjú ni wọ́n á kó: àwọn ìbátan á dẹ́kun bíbẹ̀ wọ́n wò, àwọn ilé kan á ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ẹ̀tanú ni Voltaire ń bá jà, èèyàn sì lè fi ewì àti ẹ̀rín ṣẹ́gun ẹ̀tanú lórí ìtàgé ní wákàtí méjì. Òfin Ìwé Wúrà kò ṣeé ṣẹ́gun bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì rò pé Goldoni kò lè fojú rí kí ọlọ́lá àti mẹ̀kúnnù jọ wà lórí ìtàgé láìsí baba ìjòyè, kó ka La locandiera, eré rẹ̀ tó jáde ní 1753. Mirandolina ni ó ni ilé ìtura kan ní Florence. Máàkísì tí owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀ ń tọrọ ìfẹ́ rẹ̀, Kántì tó fi owó ra oyè ń kó ẹ̀bùn wá, ọ̀gbẹ́ni ọlọ́lá kan tó kórìíra obìnrin sì ṣubú yakata sínú ìfẹ́ rẹ̀. Ó fi gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ó sì fẹ́ Fabrizio, òṣìṣẹ́ ilé ìtura rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń wá baba fún Mirandolina nítorí pé kò sí ogún ọlọ́lá kan tó ń dúró de ọmọ rẹ̀. Níbi tí ẹ̀rí kò ti gbè mí, mo gbọ́dọ̀ sọ: nígbà tí Goldoni sọ ìtàn Pamela di ọ̀rọ̀ orin, La buona figliuola, tí Piccinni fi ohùn sí tí wọ́n sì ṣe ní Róòmù ní 1760, ó tún sọ Cecchina, ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ ọgbà, di ọmọ ọlọ́lá ilẹ̀ Jámánì. Róòmù kì í ṣe Venice. Níbẹ̀, ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí ìdáhùn sí òfin ti di àṣà tí òǹkọ̀wé àti òǹwòran jọ ń retí, n kò sì ní fi agbára fà á wọ inú àlàyé mi.

Párís tún pe Pamela padà lẹ́yìn ikú Goldoni. Ó ti ń gbé níbẹ̀ láti 1762. Àwọn olóṣèlú Ìṣọ̀tẹ̀ Faransé gba owó ìfẹ̀yìntì tí ọba ń fún un, wọ́n sì dìbò láti dá a padà ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 1793, láìmọ̀ pé ó ti kú ní ọjọ́ kan ṣáájú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà ni François de Neufchâteau gbé Paméla jáde, eré tó fà yọ láti inú ti Goldoni, pẹ̀lú baba ìjòyè nínú rẹ̀. Òfin ti yí padà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1790 ni ilé aṣòfin ti pa oyè àjogúnbá rẹ́ ní gbogbo ilẹ̀ Faransé. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ìlú dá eré náà dúró ní òpin oṣù Kẹjọ, ọ̀rọ̀ baba ìjòyè yẹn sì ni wọ́n rí sọ sí i. Neufchâteau tún un kọ kíákíá: Pamela padà di ọmọ mẹ̀kúnnù, bí Richardson ṣe fi í sílẹ̀ ní 1740. Ẹnìkan lè sọ pé ìbẹ̀rù ni, pé ẹni tí ẹ̀rọ ìbẹ́rí ń dúró dè yóò kọ ohunkóhun tí wọ́n bá ní kó kọ. Ìbẹ̀rù wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kí ìgbéyàwó náà má wáyé, kò sì sí ẹni tó ní kí ìfẹ́ inú rẹ̀ dín kù. Oyè baba nìkan ni wọ́n ní kó yọ, nítorí pé ìlú tí kò ní ìwé oyè mọ́ kò lè fara mọ́ ìgbéyàwó tó ń dúró de ìwé oyè. Àtúnṣe náà kò sì gba ẹnikẹ́ni là. Nígbà tí wọ́n tún ṣe eré náà ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án, àwọn òǹwòran pàtẹ́wọ́ gan-an fún ọ̀rọ̀ kan tó yin ìfaradà nínú ẹ̀sìn, ẹnìkan nínú wọn bínú jáde lọ fi ẹjọ́ sùn, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ti ilé eré náà pa, tí wọ́n sì kó àwọn òṣèré lọ sẹ́wọ̀n pẹ̀lú òǹkọ̀wé wọn. Ọ̀rọ̀ tó gbé wọn débẹ̀ kò kan ìdílé Pamela rárá.